Ibo Ni Èrè Aṣọ Òkìríkà Wà Gan-an?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tú báálì tuntun ní àwọn ìsọ̀ tó wà ní ìtòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn ni etí máa ń gbọ́. Ẹnì kan á ní ẹni tó ra òkìríkà gbọ́n, nítorí owó kékeré ló fi gbé aṣọ gidi. Ẹlòmíràn á ní pàǹtírí òyìnbó ni, pé ohun tí wọ́n ti kórìíra níbẹ̀ ni wọ́n kó wá bá wa níbí. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kẹta ti wá dara pọ̀ mọ́ méjèèjì, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń sọ ọ́ jù: wọ́n ní ẹni tó ra aṣọ àlòkù ń dáàbò bo àyíká. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Báwo ni ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rà fún ara mi ṣe lè ṣe odò tàbí afẹ́fẹ́ láǹfààní? Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí nínú ilé àti lóde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì rí i pé ó yẹ kí n jókòó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tó mọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí kí ó tó dé ọwọ́ wa ni aṣọ àlòkù. Àwọn kan ń pè é ní tòkunbọ̀, àwọn kan ń pè é ní bẹ́ńdáànù nítorí pé ẹni tó fẹ́ ṣà á ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òkìríkà ni orúkọ tó gbilẹ̀ jù. Ìlú kan ló ń jẹ́ Òkìríkà, ní etí omi ní Ìpínlẹ̀ Rivers, kò sì jìnnà sí Port Harcourt. Ibẹ̀ ni irú ọjà yìí ń gbà wọlé láyé àtijọ́, orúkọ ìlú sì di orúkọ ọjà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni àwọn aṣọ wọ̀nyí, tàbí pé ara òkú ni wọ́n ti bọ́ wọn. Ní orílẹ̀-èdè Gánà pàápàá, orúkọ tí wọ́n ń pè é, obroni wawu, túmọ̀ sí aṣọ òyìnbó tó ti kú. Bí ó ṣe ń rìn gan-an rèé. Ẹni tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Jámánì, tí aṣọ ti kún ilé rẹ̀, á kó èyí tí kò wọ̀ mọ́ fún àjọ aláàánú kan, tàbí kí ó jù ú sínú àpótí ńlá tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà fún irú rẹ̀. Àjọ náà á tà ìwọ̀nba nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tó sì máa ń pọ̀, ni wọ́n ń fi òṣùwọ̀n tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣà á: ṣẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, jíǹsì lọ́tọ̀, aṣọ ọmọdé lọ́tọ̀, èyí tó ṣì ń dán lọ́tọ̀ sí èyí tó ti gbó. Ẹ̀rọ á wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di báálì, tó sábà máa ń wọn kílógíráàmù 45 tàbí 55, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọjà ni nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti jèrè lórí rẹ̀ kí ó tó dé Òṣogbo. Ó yẹ kí á sọ èyí náà: ní Nàìjíríà, aṣọ àlòkù wà lára àwọn ọjà tí òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó wọ̀lú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà yọ sí wa. Ẹni tó ra báálì ló ń ru ewu ojú ọ̀nà yẹn, iye rẹ̀ sì wà nínú owó tí a ń san nídìí ìsọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àyíká rúni lójú ni pé a kì í rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ. Inú ọ̀rá ni aṣọ tuntun máa ń wà, á máa dán, á máa run òórùn tuntun. Kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tó fi hàn pé omi odò kan ti bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi tí-ṣẹ́ẹ̀tì olówùú kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣirò tí WWF, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, gbé jáde, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò, ni pé omi tó tó lítà 2,700 ló ń bá a lọ, láti oko òwú títí dé ilé-iṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò tí à ń gbé lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi sábà máa ń gba lítà 25. Bí a bá pín in, lítà 2,700 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 108. Ti ṣòkòtò jíǹsì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń mẹ́nu bà ni lítà 7,500, èyí tí í ṣe 300 kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá ti to kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sórí ìlà rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó dúró títí oòrùn fi kan àtàrí kí ó tó kàn án, yóò mọ ohun tí 300 kẹ́ẹ̀gì jẹ́.

N kò fẹ́ fi òǹkà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Òjò tó rọ̀ sórí oko òwú wà nínú iye yẹn, iye náà sì ń yàtọ̀ láti oko kan sí òmíràn. Oko tí òjò nìkan ń bomi rin kì í fa odò gbẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń darí odò sínú oko òwú, àbájáde rẹ̀ lè burú kọjá àfẹnusọ. Òkun Aral, tó wà láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan, wà lára àwọn adágún omi mẹ́rin tó tóbi jù láyé ní 1960. Ìjọba Soviet ya àwọn odò méjì tó ń ṣàn sínú rẹ̀ lọ sí oko, òwú sì ni olórí ohun tí wọ́n gbìn, bẹ́ẹ̀ ni omi ńlá náà gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ àwọn apẹja fi dúró sórí iyanrìn gbígbẹ. Àwa tí à ń gbé lẹ́bàá Ọ̀ṣun, tí a sì ti fi ojú ara wa rí bí ìwakùsà wúrà ṣe sọ omi rẹ̀ di bí ẹrẹ̀, mọ bí ó ti ń dunni tó.

Òwú nìkan kọ́. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú okùn tí wọ́n fi ń hun aṣọ láyé lónìí ni pọliẹ́sítà, epo rọ̀bì sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ike ni, tí wọ́n fà tín-ín-rín títí ó fi rí bí òwú. Bí a bá ń fọ̀ ọ́, ó ń bó wẹ́wẹ́ sínú omi, ojú kò sì lè rí i. Bí a bá sì jù ú sí ààtàn, kì í jẹrà bí ewé. Lẹ́yìn náà ni pípa láró, tó ń fẹ́ omi gbígbóná àti kẹ́míkà, níbi tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń da omi aláwọ̀ náà sínú odò láì sẹ́ ẹ. Iná tó ń yí gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a kò tíì mẹ́nu bà, èédú ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ aṣọ pọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti ṣírò ìpín iṣẹ́ aṣọ nínú èéfín tó ń mú ayé gbóná, iye tí wọ́n sì ń rí ń lọ láti 2 dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, nítorí pé ó ṣòro láti tọpa aṣọ kan láti oko dé ìsọ̀, ṣùgbọ́n 2 nínú ọgọ́rùn-ún pàápàá kì í ṣe ohun kékeré fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀mí ènìyàn náà wà níbẹ̀: ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé Rana Plaza ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ olówó pọ́ọ́kú fún ilẹ̀ òkèèrè, wó pa ènìyàn tó ju 1,100 lọ.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn, omi ni, epo ni, èéfín ni, ti ṣẹlẹ̀ tán kí aṣọ àlòkù tó dé ọwọ́ wa. Rírà tí mo rà á kò dá ìkán omi kan padà sínú odò. Èrè rẹ̀ kò sí lára aṣọ tí mo gbé lọ sílé. Ó wà lára aṣọ tuntun tí n kò rà mọ́ nítorí pé mo ti rí èyí rà. Bí ẹni tó ń ṣe tuntun bá rí i pé àwọn oníbàárà ń dín kù, iye tí yóò ṣe ní ọdún tó ń bọ̀ yóò dín kù pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni omi àti epo tí a kò ná ti wá.

Ẹ jẹ́ kí á mú obìnrin méjì. Ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó nílò ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì. Ó ti gbèrò láti rà wọ́n ní tuntun, ṣùgbọ́n ó rí méjì tó bá a mu nínú òkìríkà, ó rà wọ́n, ó sì ń wọ̀ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì. Obìnrin yìí ṣe ara rẹ̀ lóore, ó sì ṣe ayé lóore. Èkejì bá ìtú báálì pàdé lójú ọ̀nà. Kò wá aṣọ kankan, ṣùgbọ́n nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ó kó gáùn méje lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́fà yòókù wà nínú àpò lábẹ́ ibùsùn, nígbà tí oṣù sì parí, ó tún ra aṣọ tuntun tó máa ń rà tẹ́lẹ̀. Àlòkù ni méjèèjì rà, ọjọ́ kan náà sì lè ni wọ́n rà á, ṣùgbọ́n èkejì kò dín ohunkóhun kù láyé, kò sì tọ́jú owó kankan. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun ń dáàbò bo àyíká nítorí pé òkìríkà lòun ń wọ̀, ìbéèrè tí mo máa ń bi í ni pé: kí ni èyí rọ́pò, ìgbà mélòó lo sì ti wọ̀ ọ́?

Ìgbà tí a fi ń wọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2012, WRAP, àjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá bí ìdọ̀tí ṣe máa dín kù, ṣe ìṣirò pé bí a bá fi oṣù 9 kún àsìkò tí a fi ń lo aṣọ kan, ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ayé ní ti omi, èéfín àti ìdọ̀tí yóò fi nǹkan bí 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìṣirò mìíràn tún wà tí àjọ kan tó ń jẹ́ Ellen MacArthur Foundation gbé jáde ní 2017: aṣọ tí wọ́n ń ṣe láyé di ìlọ́po méjì láàárín 2000 sí 2015, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tú padà láti fi ṣe aṣọ tuntun kò tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tí yóò máa tú ògbólógbòó aṣọ sí tuntun fún wa kò tíì dé ibi tí a lè gbójú lé e. Ara tí a bá wọ̀ ọ́ sí títí ni ọ̀nà tó dájú. Àwọn kan máa ń bi mí ní ti ọkọ̀ ojú omi tó gbé báálì wá, pé ṣé òun náà kì í rú èéfín ni? Ó ń rú u. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ọkọ̀ kan ń kó lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó kan aṣọ kọ̀ọ̀kan fi kéré gidigidi sí èyí tí ṣíṣe rẹ̀ ti ná ayé.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ìṣirò rẹ̀ láàbọ̀. Iye tí a san nídìí ìsọ̀ nìkan la máa ń wò, bẹ́ẹ̀ iye tí aṣọ náà ń ná wa ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá wọ̀ ọ́ ló yẹ kí á wò. Owó tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, nítorí pé ojoojúmọ́ ni iye ọjà ń yí padà. Ká ní ṣẹ́ẹ̀tì tuntun kan jẹ́ ₦15,000, irú rẹ̀ tó jẹ́ òkìríkà jẹ́ ₦4,000, a sì san ₦1,000 fún aránṣọ láti bá wa gé apá rẹ̀ kúrú. Bí a bá wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 50, tuntun ná wa ní ₦300 ní ìgbà kan, òkìríkà ná wa ní ₦100. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ òkìríkà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì péré kí a tó jù ú sí kọ̀rọ̀, ₦2,500 ló ná wa ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, tuntun tí a ń wọ̀ déédéé sì sàn jù ú lọ fíìfíì.

Èrè mìíràn wà tí àwọn oníṣòwò mọ̀, tí oníbàárà kì í ronú sí. Aṣọ àlòkù tó ṣì dára ti la ìdánwò kọjá. Èyí tó máa ṣí ti ṣí tán, èyí tó máa súnkì ti súnkì tán, èyí tí ojú rírán rẹ̀ máa tú ti tú, wọn kò sì ní kó o wọ inú báálì àkọ́kọ́, ìyẹn báálì èyí tó dára jù. Aṣọ tuntun tó pọ́ọ́kú kò tíì fara han rárá. Lẹ́yìn ìfọṣọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta la máa ń mọ̀ bóyá aṣọ la rà tàbí àkísà.

Ti ọmọdé ni ó hàn jù sí mi. Nígbà ọyẹ́ kan, mo ra súẹ́tà aláwọ̀ ewé kan fún ọmọ mi láti inú òkítì tí wọ́n kó sórí tàpólì. Nígbà tí mo dé ilé tí mo yí i sódì láti fọ̀, mo rí i pé wọ́n fi òwú pupa ran orúkọ ọmọ kan mọ́ inú ọrùn rẹ̀, ìran-ọwọ́ ni, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gbọn-in. Ìyá kan ní ilẹ̀ òkèèrè ti fara balẹ̀ ṣe é kí súẹ́tà ọmọ rẹ̀ má baà sọnù ní ilé-ìwé. Igbá ìgúnpá rẹ̀ kò fẹ́lẹ́, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ó dájú pé ọmọ náà kò gbó o. Ńṣe ló dàgbà jù ú. Ọmọ tèmi wọ̀ ọ́ fún ọyẹ́ méjì, lẹ́yìn náà mo gbé e fún ọmọ àbúrò mi. Owó tí ìbá bá súẹ́tà tuntun mẹ́ta lọ láàárín ọdún díẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń yí padà lóṣooṣù, ìwé àti bàtà ló lọ sí.

Kí èrè yìí tó lè wá, a ní láti mọ aṣọ ṣà. Ìyá kan wà tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló kọ́ mi. Mo gbé gáùn kan dání lọ́jọ́ kan, mo ti ń yọ owó jáde, ó ní, “Ọmọ mi, wo abíyá rẹ̀ ná kó o tó sanwó.” Mo wò ó, mo sì rí i pé òógùn ti jẹ aṣọ ibẹ̀, ó ti le, àwọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. “Ẹ ṣé gan-an, mà,” ni mo wí. Ó ní kì í ṣe oore lòun ṣe mí, pé bí mo bá gbé e dé ilé tí mo kábàámọ̀, n kò ní padà wá mọ́. Láti ọjọ́ náà, abíyá ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọrùn, ìgúnpá àti ibi tí itan méjèèjì ti ń ra ara wọn nínú ṣòkòtò. Mo máa ń gbé aṣọ sókè sí oòrùn, nítorí pé ibi tó ti fẹ́lẹ́ á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Mo máa ń fa síìpù lọ sókè sódò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo sì máa ń na rọ́bà ìdí rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ṣì ń padà. Ẹni tó bá tètè dé nígbà ìtú báálì ló ń rí èyí tó dára jù mú, á sì gbówó lórí. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sán á rà á ní pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn tó ṣáájú ti kọ̀ ló kù.

Bí aṣọ bá sì dé ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́ láì fọ̀ ọ́. Làpálàpá àti kúrúnà lè ti ara ẹni kan dé ara ẹlòmíràn nípasẹ̀ aṣọ. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, oòrùn gidi, àti áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa lórí ojú rírán, àwọn wọ̀nyí tó. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni èmi kì í rà, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á.

Mo fẹ́ yà síbì kan díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣọ àti àyíká bá jẹ wá lógún lóòótọ́, kò yẹ kí á máa wo òyìnbó nìkan. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni aṣọ ẹbí ń jáde ní ìlú yìí. Léèsì, àǹkárá àti gèlè tí a rà ní tuntun, tí a sanwó rírán rẹ̀, tí a sì wọ̀ fún wákàtí márùn-ún péré. Èyí tó bá tún jáde lẹ́ẹ̀kejì nínú rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn òbí wa kò ṣe é báyìí. Aṣọ òfì ìyá àgbà máa ń wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀ fún ogójì ọdún, ọmọ á jogún rẹ̀, ọmọ-ọmọ á sì fi ṣègbéyàwó, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní àlòkù. Nígbà tí àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, wọ́n ń fi hàn pé àkísà náà jẹ́ ohun ìní, pé ọjọ́ orí aṣọ jẹ́ ọrọ̀. N kò sọ pé kí á pa aṣọ ẹbí tì, nítorí ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀ tóbi lójú mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá yan aṣọ tí gbogbo ẹbí lè tún wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí mọ́sálásí ti ṣe ohun tó pọ̀ ju báálì òkìríkà mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ń pe òkìríkà ní pàǹtírí kò purọ́ tán. Ìsàlẹ̀ báálì máa ń ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀: èyí tó ya, èyí tí epo ti bà jẹ́, ẹ̀wù òtútù ńlá tí kò sí ibi tí a lè wọ̀ ọ́ ní Òṣogbo. Mẹkáníìkì á ra díẹ̀ láti fi nu ọwọ́, ìyókù á di ti ààtàn àti gọ́tà, bó bá sì jẹ́ pọliẹ́sítà ni, ibẹ̀ ni yóò wà. Ní ọjà Kantamanto ní Accra, ọ̀kan nínú àwọn ọjà aṣọ àlòkù tó tóbi jù láyé, ìṣòro yìí ti pọ̀ débi pé aṣọ ń wọ inú òkun, ó sì ń padà wá dì mọ́ iyanrìn etíkun bí okùn gígùn. Iná jó apá tó pọ̀ nínú ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2025, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò sì pàdánù ohun ìní wọn. Ẹ̀bi èyí kò sí lọ́rùn ìyá tó ń ta òkìríkà. Ẹni tó ń ṣe aṣọ ju èyí tí ènìyàn lè wọ̀ lọ, àti ẹni tó ń fi ìsàlẹ̀ báálì pa ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́ sí ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn ló jẹ̀bi.

Ẹjọ́ mìíràn tún wà ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tiwa. Kaduna, Kano àti Èkó ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti kógbá sílé. Ọjà òkìríkà ní ìpín nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsí iná tó dúró, owó epo, àti aṣọ tuntun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fà wọlé láti Éṣíà náà ní tiwọn. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn Áfíríkà pinnu ní 2016 láti dẹ́kun aṣọ àlòkù, Rwanda ló dúró lórí ọ̀rọ̀ náà jù, Amẹ́ríkà sì dá àǹfààní tí aṣọ Rwanda ní nínú AGOA, ètò tó fi ń gba ọjà Áfíríkà wọlé láì gba owó ibodè, dúró ní 2018. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kan lè yanjú nídìí ìsọ̀. Èyí tó wà ní ìkáwọ́ wa ni ohun tí a ń ṣe sí aṣọ lẹ́yìn tí a bá ti rà á.

Níbi yìí ni Òṣogbo ti ní ohun tí ìlú mìíràn kò ní. Ìlú aró ni wá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa láti kékeré ni pé nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́yìn, àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, dé etí odò Ọ̀ṣun, igi tí wọ́n gé lulẹ̀ fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ohùn kan sì ké láti inú omi pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àwọn aláró kò tíì tán láàárín wa. Ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà funfun kan tí mo ti wọ̀ fún ọdún mẹ́ta ti pupa ní ọrùn, ọṣẹ kò sì ràn án mọ́, ni mo gbé e lọ bá ìyá aláró kan.

Kò tíì dá mi lóhùn tó fi fa òwú kan yọ láti ìṣẹ́tí rẹ̀, ó sì ṣáná sí i. Ó jó bí ìwé, ó rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ sì fẹ́ lọ. “Òwú ni,” ó wí, “á gba aró.” Ó sọ fún mi pé ká ní pọliẹ́sítà ni, ńṣe ni ì bá yọ́ tí ì bá di kókó líle dúdú, aró èlú kò sì ní mọ́ ọn lára, òun á sì ti dá mi padà. Ó fi okùn di igbáàyà ṣẹ́ẹ̀tì náà ní ibi mẹ́fà bí wọ́n ṣe ń di adìrẹ oníko, ó rì í sínú ìkòkò, ó gbé e jáde, ó tún rì í. Nígbà tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin tó sì nà án sórí okùn, aláwọ̀ ewé ló jáde, omi ń kán tó tó tó láti etí rẹ̀. Mo dúró tì í. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i, àwọ̀ ewé náà ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ láti èjìká lọ sísàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró.